Ẹ̀rọ Kọ̀ǹpútà, Àwòrán Ilẹ̀ àti Ọ̀ràn Ìlú

ÌFÁÀRÀ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta. Ẹsẹ̀ kì í hàn lórí àpáta. Ẹni tí ó bá mọ ìrìn olè nìkan ni ó lè tọ ipa rẹ̀ níbẹ̀. Láyé òde òní, ìgboro ìlú ńlá ni àpáta náà. Ẹni tí ó fọ́ ilé lóru àná ti wọ àárín èrò lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sì sí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú títì ọlọ́dà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá lókè òkun ń sọ pé àwọn lè tọ ipa náà. Wọn kò tọ̀ ọ́ lójú ilẹ̀. Orí àwòrán ilẹ̀ tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà yà ni wọ́n ti ń tọ̀ ọ́.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣe ni láti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, èrè tí ó wà níbẹ̀ àti ewu tí ó rọ̀ mọ́ ọn. Ó ṣe é ṣe kí òǹkàwé kan béèrè pé kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá. Èsì mi kò gùn. Èkíní, èdè tí a kò bá fi sọ̀rọ̀ nípa ohun tuntun, inú àpótí ni yóò gbé pẹ̀lú aṣọ àtijọ́. Èkejì, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa ọ̀rọ̀ yìí, mo rí i pé orúkọ tí a bá fún ọ̀ràn ni ó ń sọ bí àwòrán rẹ̀ yóò ti rí, ọ̀rọ̀ orúkọ kò sì ṣe àjèjì sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa. Ẹ̀kẹta, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ilé tí mo ń gbé tí kò jẹ́ kí n lè fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ náà. N ó sọ ọ́ kí n tó parí.

KÍ NI À Ń PÈ NÍ ÀWÒRÁN Ọ̀RÀN?

Àwòrán ilẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní máàpù, kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ka ìwé jọ́gíráfì ní ilé-ìwé girama. Odò, òkè, títì àti ìlú ni ó máa ń fi hàn. Bí a bá mú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, tí a sì sàmì sí ojú ibi gan-an tí wọ́n ti fọ́lé, tí wọ́n ti jí ọkọ̀ tàbí tí wọ́n ti lu ènìyàn, ó di ohun tí mo pè ní àwòrán ọ̀ràn nínú iṣẹ́ yìí. Ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ ni ó ń fi hàn, kì í ṣe ẹni tí ó dá a. Ẹ jẹ́ kí a di ìyàtọ̀ yìí mú ṣinṣin, nítorí pé ẹni tí ó bá gbàgbé rẹ̀ yóò ka gbogbo ará àdúgbò kan sí ọ̀daràn.

Èrò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ rọrùn. Ọdẹ tí ó mọṣẹ́ kì í dẹ tàkúté káàkiri igbó. Yóò wo ibi tí ẹran ń gbà lọ mu omi, yóò wo ìgbà tí wọ́n ń gba ibẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì dẹ tàkúté rẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀ràn kì í tàn ká ìlú lọ́gbọọgba. Ó ní ibi tí ó fẹ́ràn, ó sì ní wákàtí tí ó fẹ́ràn. Ibi tí ọ̀ràn bá fi ṣe ilé báyìí ni mo dábàá pé kí a máa pè ní ibùba ọ̀ràn.

ÌTÀN RẸ̀ NÍ ṢÓKÍ

Àwòrán ọ̀ràn ti wà tipẹ́tipẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní ọdún 1829, Adriano Balbi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, àti André-Michel Guerry, amòfin ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ àwòrán mẹ́ta jáde lórí ilẹ̀ Faransé. Ọ̀kan fi ọ̀ràn tí a dá sí ara ènìyàn hàn, èkejì fi ọ̀ràn tí a dá sí ohun ìní hàn, ẹ̀kẹta sì fi bí ìmọ̀ ìwé ti pọ̀ tó ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan hàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ìgbà náà gbà pé àìmọ̀wé ni baba olè jíjà. Nígbà tí a gbé àwòrán wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: púpọ̀ nínú àwọn ẹkùn tí ìmọ̀ ìwé ti gbilẹ̀ ni ọ̀ràn lórí ohun ìní ti pọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni àwòrán ọ̀ràn ti ń já irọ́ ohun tí gbogbo ènìyàn rò pé àwọn mọ̀.

Ní ọ̀rúndún ogún, ọ̀pọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá ní Amẹ́ríkà ní àwòrán ìlú tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀, wọn a gún abẹ́rẹ́ olórí roboto kan mọ́ ojú ibẹ̀, àwọ̀ kan fún ìfọ́lé, àwọ̀ mìíràn fún olè ọkọ̀. Ọgbọ́n náà dára, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó mọ. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá kún ojú àwòrán, wọ́n ní láti yọ wọ́n dànù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ tuntun, ohun tí abẹ́rẹ́ àtijọ́ ń sọ a sì bá a lọ. Yàtọ̀ sí èyí, ènìyàn kò lè bi ògiri léèrè pé, "Èwo nínú ìwọ̀nyí ni ó ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án?"

Ní àárín àwọn ọdún 1960, àwọn ọlọ́pàá ìlú St. Louis wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lo kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìgbà náà tóbi, ó sì wọ́n. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà kéékèèké dé ní àwọn ọdún 1980 àti 1990 ni àgọ́ ọlọ́pàá lásán tó lè ní tirẹ̀. Ní ọdún 1997, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan lábẹ́ ẹ̀ka ètò ìdájọ́ ìjọba Amẹ́ríkà dá ibùdó kan sílẹ̀ nítorí ẹ̀kọ́ àwòrán ọ̀ràn nìkan.

BÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé ọ̀ràn kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká ní ẹnì kan dé láti ibi iṣẹ́, ó sì bá ilẹ̀kùn rẹ̀ ní fífọ́. Ó pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú: irú ọ̀ràn wo ni, níbo ni, àti nígbà wo. 

Ohun tí ó kàn ni pé kí a sọ àdírẹ́sì ilé náà di nọ́ńbà méjì, ọ̀kan fún òòró, ọ̀kan fún ìbú, kí ẹ̀rọ lè mọ ibi tí yóò fi àmì sí. Kọ̀ǹpútà ní àkọsílẹ̀ títì àti nọ́ńbà ilé nínú, òun ni yóò wá àdírẹ́sì náà rí níbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣi orúkọ títì kọ, tàbí tí títì méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, ẹ̀rọ lè ṣìnà.

Lẹ́yìn èyí ni títẹ́ àwòrán lórí ara wọn. Ẹni tí ó bá rí bí a ṣe ń tẹ́ aṣọ léèsì méjì lórí ara wọn, tí ojú ihò ti òkè ń jẹ́ kí a rí ti ìsàlẹ̀, yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Títì wà ní ìsàlẹ̀, ilé-ìwé àti ọjà wà lórí rẹ̀, ibùdókọ̀ wà lórí ìyẹn, ọ̀ràn wá wà lókè pátápátá. A lè ká èyí tí a kò fẹ́ kúrò. Níkẹyìn, ẹ̀rọ lè kun ibi tí àmì ti pọ̀ ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, kí ó sì kun ibi tí ó ti kéré ní àwọ̀ tí kò ràn. 

Ibi tí ó ti ju abẹ́rẹ́ ara ògiri lọ ni pé a lè bi í léèrè ọ̀rọ̀. A lè ní kí ó fi ilé tí a fọ́ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ nìkan hàn wá, láàárín agogo méjìlá sí agogo mẹ́rin ọ̀sán. Bí àmì bá ṣù jọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ kan, ọ̀gá ọlọ́pàá ti mọ ibi tí yóò rán ènìyàn lọ àti wákàtí tí yóò rán wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò gbọ́n ju ẹni tí ó kọ́ ọ lọ. Ní ọdún 2009, àwòrán tí àwọn ọlọ́pàá Los Angeles gbé jáde fún gbogbo ènìyàn láti wò fi hàn pé ìtòsí ilé ìjọba ìlú náà ni ọ̀ràn ti pọ̀ jù. Nígbà tí àwọn oníwèé ìròyìn tọpinpin rẹ̀, wọ́n rí i pé kò sí ohun tí ó jọ ọ́. Gbogbo ọ̀ràn tí ẹ̀rọ kò bá rí àdírẹ́sì rẹ̀ ni ó kàn ń kó jọ sí ojú kan náà, ojú náà sì bọ́ sí ìtòsí ilé ìjọba.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍ MINNEAPOLIS

Lawrence Sherman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò ìpè tí àwọn ará ìlú Minneapolis pe ọlọ́pàá láàárín ọdún kan, láti ìparí 1985 sí ìparí 1986. Ìpè náà lé ní 320,000. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1989: ìdajì gbogbo ìpè wọ̀nyí ni ó wá láti ibi tí kò ju 3.3 lọ nínú 100 gbogbo ilé àti oríta ìlú náà. Nínú àdúgbò tí a ń pè ní àdúgbò burúkú gan-an, ọ̀pọ̀ ilé ni a kò ti pe ọlọ́pàá rárá. Ibi díẹ̀, bí ilé ọtí kan tàbí oríta kan, ni ó ń ba orúkọ gbogbo wọn jẹ́.

Sherman àti David Weisburd wá mú ibùba 110 ní ìlú kan náà. Wọ́n fi kún ìrìn ọlọ́pàá ní ibi 55, wọ́n sì fi 55 yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ti wà. Nígbà tí èsì jáde ní 1995, ìpè nípa ọ̀ràn dín ní ibi tí ọlọ́pàá ti pọ̀ sí, ó dín ní nǹkan bí 6 sí 13 nínú 100. Ìwádìí mìíràn nínú ọdún kan náà fi hàn pé bí ọlọ́pàá bá dúró ní irú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ipa rẹ̀ máa ń pẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti lọ. Bí ó bá wá dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ, èrè rẹ̀ kò ní pọ̀ sí i.

Ẹnì kan lè sọ pé olè tí a lé kúrò ní oríta kan, oríta kejì ni yóò lọ. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Weisburd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí èyí ní Jersey City, èsì wọn sì jáde ní 2006. Wọn kò rí i pé ọ̀ràn kàn yà sí ẹ̀gbẹ́ kejì títì. Kódà, àlàáfíà kan àwọn àdúgbò tí ó wà nítòsí náà. 

ÀPẸẸRẸ NEW YORK

Ìlú tí ó sọ àwòrán ọ̀ràn di ohun tí gbogbo ayé ń sọ ni New York. Ní 1990, iye ènìyàn tí wọ́n pa níbẹ̀ lé ní 2,200. Jack Maple jẹ́ ọlọ́pàá ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ nígbà náà. Ó gbé bébà ńlá mọ́ ògiri, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya gbogbo ibùdó ọkọ̀ ojú irin náà, ó sì ń fi lẹ́ẹ̀dì aláwọ̀ sàmì sí ibi tí wọ́n ti ń ja ènìyàn lólè. Ó pè wọ́n ní Àwòrán Ọjọ́ Iwájú. Nígbà tí William Bratton di ọ̀gá pátápátá fún àwọn ọlọ́pàá ìlú náà ní 1994, ó mú Maple wọ inú ìgbìmọ̀ rẹ̀, wọ́n sì dá ètò CompStat sílẹ̀.

Òpó mẹ́rin ni ètò yìí dúró lé: kí ìròyìn pé kí ó sì tètè dé, kí a tètè rán ènìyàn lọ síbi tí ọ̀ràn wà, kí ọgbọ́n tí a ó lò jẹ́ èyí tí ó múná dóko, kí a má sì dẹ́kun àyẹ̀wò. Ní òwúrọ̀ kùtù, wọn a pe ọ̀gá àgọ́ kan síwájú àwòrán ńlá, àwọn ọ̀gá àgbà a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè. Kí ló dé tí àmì fi ṣù jọ sí oríta yìí? Kí ni o ṣe sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ọ̀gá tí kò bá mọ àgọ́ rẹ̀ dáadáa, ojú a tì í níṣojú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní 2017, iye ènìyàn tí wọ́n pa ní ìlú náà ti wá sílẹ̀ sí 292. Ṣé àwòrán ni ó ṣe gbogbo rẹ̀? Ó yẹ kí a ṣọ́ra. Láàárín àwọn ọdún 1990, ọ̀ràn dín ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà tí kò ní irú ètò yìí. Ohun tí a lè sọ ni pé ó mú kí àwọn ọlọ́pàá mọ ibi tí wọ́n ń lọ.

ALÉÉBÙ RẸ̀

Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ orúkọ ti wọlé. Yorùbá kì í fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo olè. Gbéwiri ni ẹni tí ó ń yọ́ nǹkan kéékèèké mú. Jàgùdà ni ẹni tí ó ń ṣọ́ àpò oníyàwò lọ́jà. Kólékólé ni ẹni tí ó ń wọ ilé onílé. Adigunjalè ni ẹni tí ó ń mú ohun ìjà dání. Bí ọlọ́pàá bá pe iṣẹ́ adigunjalè ní iṣẹ́ gbéwiri nínú ìwé rẹ̀, kò sí ẹni tí ó dá olè dúró, ṣùgbọ́n àwọ̀ pupa yóò dín lójú àwòrán. John Eterno àti Eli Silverman bi àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá New York tí ó ti fẹ̀yìn tì léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá náà jẹ́rìí sí i pé wọ́n mọ̀ nípa ọ̀ràn tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà kí iye lè kéré. Ẹni tí a bá ń fi iye dójú tì, iye ni yóò wá bí yóò ṣe tún ṣe.

Aléébù kejì ni ti àsọtẹ́lẹ̀. Láti nǹkan bí 2011, àwọn ọlọ́pàá kan bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ tí ó ń sọ ibi tí ọ̀ràn yóò ti ṣẹlẹ̀ lọ́la. Ọ̀kan tí ó lókìkí nígbà náà, PredPol, a máa pín ìlú sí igun-igun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 500 lóòró àti 500 níbùú. Inú àkọsílẹ̀ àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ni irú ẹ̀rọ yìí ti ń mú ọgbọ́n rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń lọ sí àdúgbò kan lemọ́lemọ́ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni wọn yóò ti rí ọ̀ràn kọ sílẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì tún ní kí wọ́n padà síbẹ̀. Ní 2016, Kristian Lum àti William Isaac fi àkọsílẹ̀ ọ̀ràn oògùn olóró ní ìlú Oakland dán irú ìṣirò yìí wò. Ìṣirò náà rán ọlọ́pàá sí àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlọ́po méjì bí ó ṣe rán wọn sí àwọn aláwọ̀ funfun, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwádìí fi hàn pé lílo oògùn olóró kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín wọn. Ní 2020, àwọn ọlọ́pàá Los Angeles pa PredPol tì. Ní ọdún náà kan náà, ìlú Santa Cruz, tí ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó, fi òfin de irú àsọtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Aléébù kẹta kan ẹni tí wọ́n ṣe níbi. Ní 2011, ìjọba gbé àwòrán ọ̀ràn ilẹ̀ England àti Wales síta kí gbogbo ará ìlú lè wò ó. Ó dára kí ará ìlú mọ ohun tí ń lọ ládùúgbò rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹ́ kí aládùúgbò mọ̀ pé ilé òun ni wọ́n ti fipá bá ènìyàn lò pọ̀? Nítorí èyí, wọn kì í fi àmì sí ojú ilé gan-an. Wọ́n ń sún un sí ojú kan tí a ti yàn lórí títì náà.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Mo ṣèlérí ìtàn kan. Ní sáà tó kọjá, àwọn olè wọ ilé tí a ń gbé ní ìta ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa. Yàrá mẹ́ta ni wọ́n fọ́ lóru ọjọ́ kan. Wọ́n kó fóònù, wọ́n kó kọ̀ǹpútà àgbélétan ọ̀rẹ́ mi kan pẹ̀lú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá rẹ̀ tí ó kù díẹ̀ kí ó parí. Ọmọbìnrin náà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ní kí a lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Onílé wa, bàbá àgbàlagbà kan, mi orí, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, owó ọkọ̀ tí ẹ óò ná lọ ná bọ̀, ṣé ẹ ti rí i? Ohun tó ti lọ ti lọ. Ẹ ra àgádágodo tuntun." Kò sí ẹni tí ó lọ. Èmi náà kò lọ.

Bí wọ́n bá ya àwòrán ọ̀ràn àdúgbò wa lónìí, ilé wa yóò mọ́ tónítóní lójú rẹ̀. Kò ní sí àmì kan níbẹ̀. Ẹni tí ó bá wò ó yóò sọ pé ibi àlàáfíà ni, yóò sì rán ọlọ́pàá lọ síbòmíràn. Nígbà tí mo ń ka ìwé nípa Minneapolis àti New York, ohun tí ó ń padà wá sọ́kàn mi nìyí. Gbogbo ọgbọ́n tí a kà sílẹ̀ wọ̀nyí, orí ẹnu ẹni tí wọ́n jà lólè ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni náà bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ti àdúgbò rẹ̀ a sì dákẹ́ pẹ̀lú. Kì í sì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ ni ó fi dákẹ́. Ẹni tí kò gbà pé a óò gbọ́ tòun ni kì í sọ tẹnu rẹ̀.

ÌGÚNLẸ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí i pé àwòrán ọ̀ràn ti wà láti 1829, pé kọ̀ǹpútà ni ó jẹ́ kí a lè máa bi í léèrè ọ̀rọ̀, àti pé ó ti ran àwọn ọlọ́pàá kan lọ́wọ́ láti dín ọ̀ràn kù ní ibùba rẹ̀. A sì ti rí i pé ó lè parọ́ bí orúkọ bá yí padà, pé ó lè di ẹ̀tàn bí a bá fi ọwọ́ ẹ̀tanú kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀, àti pé kò mọ ohun tí a kò bá sọ fún un.

Ìlú tí ó bá fẹ́ ra irú ẹ̀rọ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ohun méjì tí owó kò lè rà. Kí nọ́ńbà wà lára ilé, kí títì sì ní orúkọ, nítorí pé ọ̀ràn tí kò ní àdírẹ́sì kò ní ibi tí a óò fi àmì rẹ̀ sí. Kí àgọ́ ọlọ́pàá sì jẹ́ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n jí ẹ̀rọ rẹ̀ gbé lè wọ̀ láìfòyà, kí wọ́n gbọ́ tirẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti rí. Àwọn àgbà ní ojoojúmọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ti olóhun. Ọjọ́ kan ṣoṣo náà kò ní tètè dé bí olóhun kò bá sọ pé òun sọ nǹkan nù. Ọ̀rẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ lákọ̀tun. Bí wọ́n bá tún wọ ilé wa, èmi yóò lọ sí àgọ́.